Bátìrì Mẹ́ta Nínú Ọkọ̀ Kan: Èwo Ni Ebi Ń Pa?

Bátìrì mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ kan kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan ló máa ń ṣáájú, a kì í sì í tètè mọ̀, torí àwọn méjì yòókù á máa gbé e pọ̀n. Iná á ṣì máa tàn, ẹ́ńjìnnì á ṣì máa jí, àfi pé ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ kí gílóòbù tó máa ṣẹ́jú. Nígbà tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi máa fura, èyí tó ń ṣàìsàn ti fa àwọn tí ara wọn dá ṣáká mọ́ra, gbogbo wọn á sì jọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń pariwo "kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì" kiri àdúgbò. Wọn á ní bátìrì ayé òde òní ò dára mọ́. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ebi, ìyẹn àìrí ṣájì tó tó, ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ọkọ̀ ojú omi ni màá fi ṣàpèjúwe, irú èyí tó ń ti Igbókọ̀dá lọ sí Ayétòrò àti Awóyè, tàbí tó ń fi òru pẹja. Ẹni tó to bátìrì mẹ́rin sábẹ́ ínfátà nílé ní Àkúré lè mú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lò. Mo mú ti ọkọ̀ nítorí pé orí omi ni ìyà àìtọ́jú ti máa ń tètè hàn. Mọ́tò tí kò bá jí ní Ọjà Ọba, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin á tì í. Ta ni yóò ti ọkọ̀ lójú òkun?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe kí wọ́n tó lọ ra bátìrì kún bátìrì. Áńpù kan fún wákàtí kan ni à ń pè ní 1Ah. Ká ní ọkọ̀ kan ní bátìrì 75Ah kan tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ó sì ní 100Ah méjì tó ń gbé iná àtàwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀. Àwọn apẹja jáde lálẹ́ fún wákàtí 8. Gílóòbù LED ń jẹ áńpù 2, ìyẹn 16Ah. Ẹ̀rọ tó ń wá ẹja àti GPS jọ ń jẹ áńpù 1.5, ìyẹn 12Ah. Fóònù tí wọ́n ń ṣájì ń jẹ áńpù 2 fún wákàtí 4, ìyẹn 8Ah. Pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa omi abẹ́ ọkọ̀ dànù ń jẹ áńpù 3. Bí gbogbo ìgbà tó ṣiṣẹ́ bá jẹ́ wákàtí kan péré, 3Ah nìyẹn. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 39Ah.

Bátìrì olómi, èyí tí a ń bu omi sí, kì í tọ́jú gbogbo ohun tí a bá fún un. Apá kan máa ń di ooru, apá kan á di afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde láti inú omi rẹ̀. Tí 39Ah bá jáde, bíi 45Ah ló gbọ́dọ̀ wọlé kó tó padà sí bó ṣe wà. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bá jẹ́ kékeré, tí ó ń mú áńpù 6 wá nígbà tó bá ń sáré dáadáa, ìrìn wákàtí 2 ò lè ju 12Ah lọ. Gbèsè 33Ah ṣẹ́ kù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ó di 66. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó di 99, bátìrì méjèèjì sì jọ jẹ́ 200Ah. Ìdajì ni ó yẹ kéèyàn máa ná nínú bátìrì olómi bó bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọjọ́ mẹ́ta péré, a ti ná ìdajì náà tán.

Ẹ wá fi wé ẹ́ńjìnnì jíjí. Sitátà lè fa áńpù 150, iye yẹn sì máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni. Áńpù 150 fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kò tó 0.13Ah, ẹ́ńjìnnì kékeré yẹn á ti dá a padà kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Gílóòbù tí a ò kà sí gan-an ni jẹgúdújẹrá inú ọkọ̀. Ìdí nìyí tí bátìrì kẹrin kì í fi í yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Kò mú oúnjẹ wá, ẹnu ló mú wá.

Ohun tó ń mú oúnjẹ wá ni pánẹ́ẹ̀lì sólà, jẹnẹrétọ̀, tàbí iná ìjọba níbi tó bá wà. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó ti lo ọdún púpọ̀ láìrí iná ìjọba, torí náà sólà àti jẹnẹrétọ̀ ni mo fọkàn sí. Pánẹ́ẹ̀lì 100W tí òjìji ò bò lè mú áńpù 5 wá nígbà tí oòrùn bá mú. Ẹ fi wákàtí 4 ṣírò fún ojúmọ́ kan, 20Ah nìyẹn. Pánẹ́ẹ̀lì méjì á mú 40 wá. Tí a bá fi 12 ti ẹ́ńjìnnì kún un, a ti kọjá 45 tí à ń wá. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, ẹ gé iye ti sólà sí méjì. Ẹ má sì jẹ́ kí òpó tàbí àwọ̀n tí wọ́n sá ṣíji bo apá kan pánẹ́ẹ̀lì. Òjìji kékeré lórí apá kan máa ń dí ọ̀nà mọ́ agbára tó ń bọ̀ láti ibi tó kù.

Ti jẹnẹrétọ̀ ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bátìrì olómi dà bí ẹni tó ń jẹ iyán: òkèlè àkọ́kọ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, àwọn ti ìgbẹ̀yìn ni kì í tètè kọjá lọ́fun. Láti ìdajì dé ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ṣájà tó lágbára. Ìdá kan tó kù lè gba wákàtí mẹ́rin sí i, kò sì sí ohun tí a lè ṣe láti lé e ní eré, torí bátìrì fúnra rẹ̀ ló ń dín áńpù tó ń gbà kù. Ẹni tó bá ń sun epo bẹntiróò nítorí ìdá ìkẹyìn yẹn ń fi owó ṣòfò. Ẹni tó bá sì ń pa jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo ìgbà kí bátìrì tó yó ń pa bátìrì. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ kùtù fún wákàtí méjì, kí ẹ pa á, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá yí i padà, tí sólà bẹ̀rẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ wá ń parí rẹ̀ lálẹ́, ìnáwó á pọ̀, bátìrì ò sì ní yó.

Kí ló dé tí àìyó fi burú tó bẹ́ẹ̀? Nígbà tí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́, èèpá funfun kan máa ń hù sára àwo òjé inú rẹ̀. Tí a bá tètè ṣájì rẹ̀, èèpá náà á yọ́ padà sínú omi. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á le gbagidi, kò ní yọ́ mọ́, ibi tó bò lára àwo ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Bátìrì 100Ah á wá di 60Ah láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára páálí rẹ̀. Ó máa ń tètè yó, ó sì máa ń tètè gbẹ. Àwọn èèyàn máa ń yọ̀ sí títètè yó yẹn, wọ́n á ní ṣájà àwọn dára. Kì í ṣe ṣájà, inú bátìrì ló ti sún kì.

Iye áńpù ṣájà fún bátìrì olómi yẹ kó wà láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú márùn-ún Ah tí ẹ ní. Fún 200Ah, áńpù 20 sí 40. Ní ti fólítéèjì, bátìrì olómi ń fẹ́ 14.4V sí 14.8V títí tí áńpù tó ń wọlé á fi já wálẹ̀ sí bíi 2 fún 100Ah kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ṣájà á sọ̀ kalẹ̀ sí 13.2V sí 13.5V láti máa dì í mú. Bátìrì jẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ rí ju bíi 14.2V lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á gbá jọ sínú rẹ̀ tí kò ní lọ mọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì, ẹ má gbọ́kàn lé ṣájà tí kò ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ń yan irú bátìrì.

Bẹ́ẹ̀ ni, 25°C ni wọ́n fi ṣírò àwọn iye yẹn. Abẹ́ pákó ọkọ̀ tí oòrùn ń pa lè dé 35°C. Bí ìwọ̀n ooru bá fi digíríì kan lé sí i, ẹ dín bíi 0.024V kù lára fólítéèjì tí ẹ fi ń ṣájì bátìrì 12V. Ní 35°C, 14.4V á di nǹkan bíi 14.2V. Ẹni tí kò bá dín in kù á máa rí i pé omi bátìrì òun ń tètè tán. Àwọn ṣájà kan ní wáyà kékeré tó ń tọ́ ooru wò. Orí bátìrì ni kí ẹ dè é mọ́, kì í ṣe ara ògiri.

Ó ku bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀, ibí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ rewáyà ti ń ṣe wá. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ń jẹun nínú abọ́ kan. Èyí tó jókòó ti abọ́ ló máa yó, èyí tó jìnnà á máa nawọ́. Bí wọ́n bá so pọ́sítíìfù pọ̀ mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, tí wáyà méjèèjì tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ṣájà wá wà lórí bátìrì àkọ́kọ́, bátìrì yẹn ló ń jẹ jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ti ìkẹyìn kì í yó. Àtúnṣe rẹ̀ ò ná yín ní nǹkan kan: ẹ fi wáyà pọ́sítíìfù sílẹ̀ lórí bátìrì àkọ́kọ́, kí ẹ gbé wáyà nẹ́gátíìfù lọ sórí bátìrì tó kẹ́yìn. Tí bátìrì bá ti ju méjì lọ, ó sàn kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, tí gígùn gbogbo wọn dọ́gba, kí wọ́n pàdé lórí irin bàbà kan. Ẹ fi fíúsì sí wáyà pọ́sítíìfù, kó sún mọ́ bátìrì débi tí kò fi ní ju gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Wáyà tí kò ní fíúsì nínú ọkọ̀ onípákó tó gbé jálá epo bẹntiróò dání, ẹ má jẹ́ n ṣàlàyé.

Ẹ má so bátìrì tuntun mọ́ èyí tó ti lo ọdún méjì. Tuntun á fi gbogbo òru ṣájì ògbólógbòó, tó bá fi máa di oṣù mẹ́fà, àwọn méjèèjì ti di ẹgbẹ́. Ẹ má sì so AGM, irú bátìrì tí wọ́n dé pa tí a kì í bu omi sí, mọ́ olómi, tàbí 100Ah mọ́ 200Ah. Ẹ kó wọn lọ́jọ́ kan náà, irú kan náà, kí ẹ sì bi ẹni tó ń tà á pé kó fi mítà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Bátìrì tó bá wà nísàlẹ̀ 12.4V lórí káńtà ti jókòó pẹ́ jù ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹun.

Bátìrì tó ń jí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dá wà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lo súwíìṣì olójú mẹ́rin: OFF, 1, 2 àti BOTH. Ẹ fi bátìrì sitátà sí 1, kí ẹ fi àwọn bátìrì iná sí 2. BOTH ló ń so gbogbo wọn pọ̀. BOTH kò wà fún ìgbà tí a bá so ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sùn tí súwíìṣì wà lórí BOTH lè jí bá bátìrì mẹ́ta tó ti kú, kò sì ní sí ọ̀kan tó máa jí ẹ́ńjìnnì. Ohun kejì ni pé a kì í yí súwíìṣì yìí sí OFF nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Iná tó ń bọ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì kò ní ríbi lọ, fólítéèjì á fò sókè lójijì, á sì jó ohun tó ń tún iná ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Owó rẹ̀ ju ti bátìrì lọ. Ẹni tí kò bá gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ara rẹ̀ lè ra rílè, súwíìṣì tó ń dá yí ara rẹ̀, tó ń wo fólítéèjì: tí bátìrì sitátà bá dé bíi 13.3V, á so àwọn bátìrì iná pọ̀ mọ́ ọn kí àwọn náà lè jẹun. Tó bá wálẹ̀ sí bíi 12.8V, á já wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju súwíìṣì lọ, torí kì í sùn, kì í sì í mu ògógóró.

Omi bátìrì ni ọ̀rọ̀ tó kàn. Omi nìkan ló ń gbẹ, ásíìdì kì í gbẹ. Nítorí náà ẹ ò gbọdọ̀ da ásíìdì sínú bátìrì tí omi rẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń tà á tilẹ̀ pe méjèèjì ní "omi bátìrì". Ẹ bi í léèrè dáadáa. Piọ́ wọ́tà kọ́, omi kànga kọ́, omi òjò tó ṣàn lórí páànù kọ́, omi tó ń kán láti ara éà-kọ̀ǹdíṣọ̀nnà pàápàá ti kó ìdọ̀tí irin. Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gbá ooru tó ń rú jáde nínú rẹ̀ jọ kó tún di omi ("distilled water"), tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ni ó ń fẹ́. Ẹ ṣájì bátìrì yó kí ẹ tó bu omi sí i, torí omi inú rẹ̀ máa ń wú nígbà tó bá ń ṣájì. Bí ẹ bá bu ú kún ṣáájú, á tú jáde, ásíìdì á sì bá a lọ. Àfi bí àwo òjé bá ti yọrí sókè nìkan ni kí ẹ bu ìwọ̀nba tó máa bò ó mọ́lẹ̀ ṣáájú ṣájì. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló yẹ kí ẹ máa ṣí ìdérí wò ó, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ èyí tó ń ṣàìsàn nìyí. Ẹ ṣájì gbogbo wọn yó. Ẹ yọ wáyà tó so wọ́n pọ̀, nẹ́gátíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. 12.6V sókè ti yó, 12.4V kù díẹ̀, 12.2V ti di ìdajì, 12.0V ti ń lọ. Bí ẹ bá rí 12.65, 12.62 àti 12.31, ẹ ti mọ ẹni tí ẹ̀ ń wá. Bí ọ̀kan bá dúró sí 10.5V lẹ́yìn tí a ti ṣájì rẹ̀ tọkàntọkàn, yàrá (sẹ́ẹ̀lì) kan nínú mẹ́fà inú rẹ̀ ti kú, torí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1V wá. Kò sí oògùn fún ìyẹn. Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tú wọn ká ni pé tí wọ́n bá wà pọ̀, iye kan náà ni mítà á máa sọ fún gbogbo wọn, èyí tó ń ṣàìsàn á sì fara pamọ́ sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ní háídírómítà, igò onírọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi bátìrì wò bóyá ó wúwo ju omi lásán lọ tó, á rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì tó yó máa ń wà ní bíi 1.265, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń po àwọn kan tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ olóoru ní 1.240 sí 1.250. Ohun tí mò ń wò ni ìyàtọ̀ àárín yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ó bá tó 0.030, ẹ lè fi bíi 15V jí i fún wákàtí mélòó kan, bátìrì olómi nìkan ni o, pẹ̀lú ìdérí àti omi rẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́. Bí ó bá ti kọjá 0.050, ẹ máa fowó pa mọ́. Èyí náà ló fà á tí kò fi dára kí oníṣájà to bátìrì mẹ́ta tí agbára wọn ò dọ́gba sórí wáyà kan, kí iná máa gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì: èyí tó ti yó á máa hó, èyí tí ebi ń pa ò ní tíì débì kan.

Afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde yẹn máa ń gbiná. Kò gbọdọ̀ sí sìgá níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí jálá epo. Àpótí bátìrì gbọ́dọ̀ ní ihò lókè. Omi òkun tó bá wọ inú bátìrì tún burú ju èyí lọ, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń mú afẹ́fẹ́ klọríìnì jáde, ó sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ẹ gbé bátìrì sókè kúrò níbi tí omi abẹ́ ọkọ̀ ń dé. Bí èèpá funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá hù sórí bátìrì, ẹ po síbí ìmùkọ kan sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì mọ́ ife omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kan, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ láìjẹ́ kó kán sínú yàrá bátìrì, kí ẹ fi omi tútù ṣan án, kí ẹ de wáyà padà, ẹ̀yìn ìgbà náà ni kí ẹ tó fi gírísì tàbí fasilíìnì pa á. Gírísì kì í ṣáájú wáyà.

Lítíọ́mù ti ń wọlé báyìí, ó sì tọ́ sí ọkọ̀: ó fúyẹ́, ó ń gba iná kíákíá, kì í bẹ̀rù ìdajì. Ẹ má ṣe so ó mọ́ bátìrì olómi, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa bọ́ ọ tààrà láìsí ẹ̀rọ àárín tó ń ṣàkóso rẹ̀. Bátìrì yìí lè ti ara rẹ̀ pa lójijì bó bá yó, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì nígbà náà ni ohun tí mo sọ nípa súwíìṣì OFF.

Nígbà tí ọkọ̀ bá gun òkè fún àtúnṣe oṣù méjì, ẹ ṣájì gbogbo bátìrì olómi yó, ẹ tú wáyà wọn, kí ẹ sì tún máa ṣájì wọn lóṣooṣù, torí ooru ilẹ̀ wa ń jẹ́ kí wọ́n máa gbẹ fúnra wọn. Ẹ má ṣe fi wáyà sílẹ̀ lára wọn pé "ẹ ti pa gbogbo nǹkan." Rédíò tó ń jẹ 0.05 áńpù ní kọ̀rọ̀ á ti jẹ 36Ah kí oṣù kan tó pé. Ẹ lè gbé wọn sórí sìmẹ́ńtì. Pé sìmẹ́ńtì ń fa iná bátìrì jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́, láti ìgbà tí ara bátìrì kì í ṣe ike.

Ẹ fi ọ̀dà kọ 1, 2, 3 sára wọn pẹ̀lú oṣù tí ẹ rà wọ́n, kí ẹ sì máa kọ iye tí mítà sọ lóṣooṣù sínú ìwé kékeré kan. Bí 2 bá ń rẹlẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún oṣù mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wọn, kí ẹ pa gílóòbù kan títí ẹ ó fi rówó ra gbogbo wọn pọ̀. Kí ẹ sì fi rọ́bà wé ojú wáyà pọ́sítíìfù tó fi sílẹ̀ kó má baà kan irin. Iná àwọn yòókù ṣì wà lára rẹ̀.